Ilé ìwẹ̀ mẹ́tàlá Nozawa Onsen: ọjọ́ mẹ́rin tí mo mú ìyá mi láti Kétu lọ sínú yìnyín

Àbúrò mi ọkùnrin ń kàwé ní ìlú Nagano, ní Japan. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ìyá wa ti rí i sójú. Ìyá wa náà ti kúrò lọ́mọdé, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dà á láàmú, bí ọyẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu wa ní Benin, kò lè dìde lórí àpótí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ ti ògiri. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi sọ lórí fóònù pé omi kan wà lórí òkè lọ́dọ̀ àwọn, tó ń gbóná láti inú ilẹ̀ wá, tí àwọn àgbàlagbà máa ń rì sínú rẹ̀ kí oríkèé wọn lè tú, ìyá mi kò bèèrè iye owó ọkọ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo là ń lọ?"

A ti lọ, a ti bọ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ kò jẹ́ kí n sinmi: ṣé ó tó owó tí a ná, ṣé àwọn náà lè mú ìyá tiwọn lọ, kí ni kí àwọn dì sápò. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ilé ìwẹ̀ mẹ́tàlá tó wà ní abúlé Nozawa Onsen ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí tiwọn la bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣètò ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, yóò dé ibẹ̀ tán ni kò ní lè gbádùn wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi kékeré inú oṣù kejì nìkan ni mo rí lò. Ẹ yọ ọjọ́ tí a lò nínú ọkọ̀ òfúrufú láti Kútọnu dé Addis Ababa, láti Addis Ababa dé Tokyo, àti ọjọ́ àbọ̀ wá sílé, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù lórí òkè. Àbúrò mi, tí ayọ̀ ti gbà lọ́kàn, kọ ètò ránṣẹ́ sí mi: tẹ́ńpìlì Zenko-ji ní Nagano, ilé olódi Matsumoto, àwọn ọ̀bọ Jigokudani, àwọn ilé olórùlé koríko Shirakawa-go, kí a tó wá dé Nozawa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnàjò tún fi ìlú méjì kún un. Mo sanwó fún ìmọ̀ràn yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tó là mí lójú ni ìwé físà. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Japan wà ní Kútọnu, ibẹ̀ la sì ti gba á. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè, ọ̀kan wà tí ẹ ó ti kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ ó wà lọ́jọ́ náà àti ibi tí ẹ ó sùn. Mo jókòó ti ìwé yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kọ ọ́, ìgbà tí mo dé ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé ìyá mi yóò máa sùn níbòmíràn lálaalẹ́, yóò máa gun ọkọ̀, yóò máa sọ̀, nínú òtútù, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo mú bírò, mo fi ìlà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Shirakawa-go ti wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti 1995, mo mọ̀ pé ó lẹ́wà, àmọ́ àwọn òkè gíga ló wà láàárín òun àti Nagano. Ní ti Jigokudani, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń jókòó sínú omi gbígbóná, tí wọ́n ti ṣí láti 1964, ẹ ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 1.6 nínú igbó kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, lórí yìnyín tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ di dídán. Àbúrò mi bínú díẹ̀. Mo ní, "Gbọ́, ṣé ọ̀bọ ni màmá ń wá wò ni àbí ìwọ?" Ó dákẹ́. Abúlé kan ṣoṣo la mú, òru mẹ́ta níbẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, inú mi dùn púpọ̀ láti fi ojú ara mi rí ohun tí mo ti ń ya sára pátákó. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù ń ti Siberia wá sórí Japan, bí ọyẹ́ tiwa ṣe ń ti aṣálẹ̀ wá. Àmọ́ orí iyanrìn ni ọyẹ́ tiwa gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń fa ètè ya tó sì ń fọ́ gìgísẹ̀. Tiwọn, orí Òkun Japan ló gbà kọjá. Omi òkun yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ náà lọ, afẹ́fẹ́ á fa ọ̀rinrin mu lọ́nà, á sì gbé e forí sọ òkè. Ibẹ̀ ló ti ń da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní yìnyín, nígbà tí Tokyo tó wà lẹ́yìn òkè ń jẹ oòrùn tirẹ̀ lọ, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Nínú ọkọ̀ ojú irin lẹ ó ti rí i: a fi oòrùn sílẹ̀, a wọ inú ihò abẹ́ òkè, a jáde, a tún wọ òmíràn, ìgbà tí a ó fi jáde nínú ọ̀kan, gbogbo ayé ti funfun. Ìyá mi gbá mi lápá. Kò sọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ ojú irin tó yára jù, shinkansen, ló gbé wa. Ọ̀nà irin yìí dé Nagano ní 1997, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún eré Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ti 1998, wọ́n sì là á kọjá sí Iiyama ní 2015. Iiyama lẹ ó ti sọ̀. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Hakutaka ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì rí i dájú pé èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ ń dúró níbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Kagayaki yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í dúró ní Iiyama rárá. Láti Tokyo kò pé wákàtí méjì. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró níwájú ibùdókọ̀, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ẹ ti dé abúlé. Ní Nagano ni àbúrò mi ti wọlé bá wa. Ó rí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ìjókòó, nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ará Japan sì ń ká ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́nà fún un pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni pé wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹrù wa kò bá wa wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní takkyubin: ẹ fi àpótí ẹrù lé wọn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n á gbé e dé ibi tí ẹ ó sùn. Lọ́jọ́ kejì ló dé, kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀. Nínú gbogbo owó tí mo ná, èyí ni n kò rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣáà di aṣọ ọjọ́ kan sínú àpò ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ bàtà wá kù, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa. Aṣọ òtútù wa, láti inú òkìrìkà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ni mo ti rà á: kóòtù gígùn méjì, àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun, fìlà, ìbọ̀wọ́. Kò sí èyí tó já wa kulẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún ra bàtà gíga aláwọ̀ níbẹ̀ fún ìyá mi, ó ní irun nínú, ó sì dà bí ohun gidi lójú. Lọ́jọ́ kejì lórí yìnyín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ là sí méjì. Rọ́bà tó ti gbó ni, ooru ilé wa ti jẹ ẹ́ tán kó tó bá òtútù pàdé. Omi wọlé, ẹsẹ̀ ìyá mi yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbá a mú lábíyá. Mo wárìrì fún bí wákàtí kan. Ẹ má ra bàtà nílé. Ilé ìtajà wà lábúlé náà tí wọ́n ti ń ta bàtà rọ́bà gíga tí àwọn onílé fúnra wọn ń wọ̀, wọ́n sì ń ta ẹ̀gún irin kékeré tí ẹ ó so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń gé yìnyín bí eyín. Ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ dé, kí ẹ tó rin ìrìn kankan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ọ̀nà abúlé náà. Ẹ sì mú òrí dání láti ilé. Ìyá mi di ti Ṣábẹ̀ẹ́ sínú agolo kan, ètè àti gìgísẹ̀ wa kò ya.

Ó wá ku àwọn ilé ìwẹ̀ náà.

Mẹ́tàlá ni wọ́n, wọ́n fọ́n káàkiri abúlé, kò sí èyí tó jìnnà sí èkejì. Soto-yu ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Ilé pákó ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, ẹnu ọ̀nà obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó gba owó. Àpótí kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ju ẹyọ owó sí i bí ọkàn yín bá ṣe gbé e. Nínú èyí tí a wọ̀ jù, pẹpẹ pákó la gbé aṣọ lé nínú yàrá kan náà tí omi wà, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ìkélé. Òórùn ìmí ọjọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Ó máa ń mọ́ èèyàn lára kíákíá.

Ta ló ń tọ́jú wọn? Ìbéèrè tí mo bi àbúrò mi nìyẹn kí n tó bọ́ bàtà, nítorí mo mọ bí ẹ̀rọ omi ṣe máa ń rí níbi tí gbogbo ayé ti ń lò ó tí kò sí ẹni tó ni ín. Ibí yìí mọ́ tónítóní. Ó ní àwọn ará àdúgbò ni. Ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, yu-nakama, ìyẹn àwọn ìdílé tó yí i ká; wọ́n ń fọ̀ ọ́ ní ìpín-ìpín, ìnáwó rẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ìyá mi gbọ́, ó mi orí: "Àáró nìyẹn kẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún gbogbo ìrìn náà ṣe fún mi. Ẹ má wọ ibẹ̀ bí ẹni tó sanwó. Agbo ilé onílé lẹ wọ̀: ẹ kí ẹni tẹ́ ẹ bá bá nínú omi, ẹ wẹ ara yín mọ́ kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má ki aṣọ ìnura bọ inú omi, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ẹ nu ara gbẹ kí ẹ tó padà síbi aṣọ. Bí omi bá gbóná jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tú omi tútù sí i, nítorí ohun tó gbóná jù lójú yín, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ gan-an ni.

Ó sì gbóná. Obìnrin tó bá ti bímọ nílé wa, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi aṣọ inú omi tó ń hó jó o níkùn láàárọ̀ kùtù, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ n kò lè kọjá kókósẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi: ó bu omi náà dà sẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bu ú sí itan, sí èjìká, títí ara fi gbà á, ó sì wọlé jẹ́jẹ́. Ó-yu, èyí tó wà láàárín abúlé, tó ga, tí òrùlé rẹ̀ dà bíi ti ilé ọba, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí kòtò omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, èkejì rọjú díẹ̀. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A ti béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, a ó jáde, a ó jókòó, a ó mu omi, a ó tún wọlé. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà lọ, ẹ má jẹ́ kó dá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù kan ti bà mí kí a tó lọ. Mo ti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ní Japan kì í gba ẹni tó fín ara, ìyá mi sì ní kóló láti àyà dé ikùn, bíi ti àwọn obìnrin ìgbà tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan níbí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá arúgbó kan tó ń wẹ̀ tọ́ka sí kóló náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi ojú béèrè. Ìyá mi fi ìka ya ìlà kékeré sórí awọ ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ díwọ̀n bí òun ṣe kéré tó nígbà náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin náà yí padà, ó fi aṣọ ìnura rẹ̀ ha ìyá mi lẹ́yìn. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn rárá.

Oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń sọ nípa bí omi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti ọdẹ tó ṣá béárì lọ́gbẹ́, tó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì bá a níbi tó ti ń wẹ ojú egbò nínú omi gbígbóná. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ orúkọ béárì yẹn, Kuma no Tearai-yu. Lókè díẹ̀ ni Ogama wà, níbi tí omi ti ń hó jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n 90. Ẹ kò lè wọ inú ọgbà rẹ̀, ará abúlé nìkan ló lè wọ̀ ọ́, nítorí ó lè bó èèyàn láwọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se ẹyin àti ẹ̀fọ́. A dúró lẹ́yìn irin, a ń wo obìnrin kan tó ń ri agbọ̀n ẹ̀fọ́ bọ omi nínú èéfín yẹn, yìnyín ń bọ́ sí i lórí. N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nozawana ni ẹ̀fọ́ náà, wọ́n ń fi iyọ̀ pa á mọ́ fún ìgbà òtútù. Ẹ ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, ẹ ó jẹ ẹ́ lálẹ́, ẹ ó tún bá a nínú oyaki, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n pò yí ẹ̀fọ́ ká tí wọ́n sì yan. Oyaki gbígbóná lójú pópó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ìyá mi ní ó ṣe aláìní ata, ó sì bu ata gígún tirẹ̀ sí i. Gàrí àti ata la dì, ó bá wa dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe di ẹran gbígbẹ, òfin wọn kò gbà á wọlé.

Ibi tí a sùn kò tó nǹkan tí mo fẹ́ yìn púpọ̀. Onílé náà níwà, yàrá mọ́, oúnjẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé béèrè bẹ́ẹ̀dì fún ìyá mi, wọ́n ní ó wà, a débẹ̀, kò sí. Orí ẹní tatami ni wọ́n ń tẹ́ tìmùtìmù sí, ilẹ̀ pátápátá, tábìlì oúnjẹ náà kò ga ju orúnkún lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kíkúnlẹ̀ àti dídìde nílẹ̀ ni ìyà rẹ̀. Wọ́n to tìmùtìmù mẹ́ta léra, wọ́n wá àga kékeré kan, ó sì ṣeé fara dà. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó.

A kò gun skii, ìyẹn pákó tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn tó ń gùn ún pọ̀ bí eṣú, òkè ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sá eré biathlon, ìyẹn skii pẹ̀lú ìbọn yíyìn, ti Òlíḿpíìkì 1998. Bí ó bá jẹ́ iná lẹ fẹ́ rí, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni àjọ̀dún Dosojin wọn: wọ́n á fi igi kọ́ ilé ìrúbọ gíga kan, àwọn ọkùnrin ọlọ́dún 42 á gun orí rẹ̀, àwọn ọlọ́dún 25 á dúró nísàlẹ̀ dáàbò bò ó, ará abúlé yòókù á sì gbé ògùṣọ̀ wá láti sun ún. Bí àbúrò mi ṣe ń ròyìn rẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa lọ́jọ́ tí ọjà kún ni mo ń rí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ nígbà yẹn gbọ́dọ̀ ti gba yàrá láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn, n kò sì ní í mú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ inú èrò bẹ́ẹ̀. Inú oṣù kejì tí a lọ dára fún wa.

Ṣé ó wo orúnkún sàn? Rárá, n kò ní parọ́ fún yín. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ìyá mi sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí n kò tíì rí láti bí ọdún méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó gun àtẹ̀gùn Ó-yu láìdi ẹnikẹ́ni mú. A padà dé Kétu, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ìrora náà tún yọjú. Síbẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ pé orúnkún náà ṣì lè tú, ó sì ń fi omi gbígbóná àti òrí ra á lójoojúmọ́ báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, ó ní òun fẹ́ wọ omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ìwẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí a sùn la lọ, àwa nìkan la wà níbẹ̀. Èmi ti múra tán, mo ń wo aago. Ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀, ó mú àkísà tó wà lórí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ pákó náà láti ìdí ògiri wá sí ẹnu ọ̀nà, bí ó ṣe rí i tí àwọn obìnrin abúlé ń ṣe. Mo ní, "Màmá, bọ́ọ̀sì wa ku ogún ìṣẹ́jú." Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì nù ún tán.